Ọdún Mẹ́rin Tí A Fi Retí Fíìmù Poly Styrene: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ẹgbẹ́ Òǹwòran Kan

A ò ju mẹ́rìnlá lọ nínú ẹgbẹ́ náà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó bá kọ́kọ́ bọ́ sínú oṣù la máa ń pàdé, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Peckham, ní gúúsù London, níbi tí òórùn ẹja díndín láti ìsàlẹ̀ òpópónà ti máa ń bá wa jókòó. Fíìmù nípa àwọn olórin la máa ń wò. Tí a bá wò ó tán, a ó jiyàn títí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í paná lé wa lórí. Èmi ni mo ń pe ìpàdé, èmi ni mo ń tọ́jú owó, èmi náà ni mo ń jẹ ẹ̀bi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ni mo kọ èyí fún, ẹ̀yin tí ẹ ń kó olólùfẹ́ jọ nítorí fíìmù tí kò tíì jáde. Láàárín ọdún 2017 sí 2021, ìrètí fíìmù kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká. Ọkàn mi ti wà níbi tí mo rò pé ìjà yóò ti wá, ibòmíràn ló gbà wọlé. Mi ò ní dárúkọ ẹnì kankan nínú wa. Olóògbé tí fíìmù náà dá lé lórí àtàwọn tó ṣe é nìkan ni mo máa dárúkọ, torí ojútáyé ni wọ́n.

Ẹni tí à ń retí ni Poly Styrene, akọrinbìnrin punk, ìyẹn orin gìtá aláriwo tó máa ń yára. Marianne Joan Elliott-Said ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ kẹta oṣù Keje ọdún 1957 ni wọ́n bí i ní Bromley. Ará Sòmálíà ni bàbá, òyìnbó ni ìyá, Brixton ló sì ti gbọ́njú. Lọ́jọ́ tó pé ọmọ ọdún 19 gan-an, ní 1976, ó lọ wo ẹgbẹ́ punk tó ń jẹ́ Sex Pistols ní Hastings, lórí afárá ìgbafẹ́ tó wọ inú òkun lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló polówó nínú ìwé ìròyìn olórin pé òun ń wá àwọn ọmọ punk tí àwọn yóò jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí X-Ray Spex ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ tó sì fún ara rẹ̀, ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ yẹn ni, èyí tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí kó má baà fọ́. Ó dà bí ìgbà tí olórin wa kan bá yọ síta tó ní Ọ̀rá Píọ̀-Wọ́tà ni kí wọ́n máa pe òun.

Wáyà wà létí eyín rẹ̀, aṣọ rẹ̀ máa ń tàn bí iná ojú pópó, ohùn rẹ̀ sì lè ya gbọ̀ngàn sí méjì. Fèrè saxophone ló máa ń tẹ̀ lé ohùn náà, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ punk kì í sábà fi fèrè ṣe nǹkan kan. Ọjà, ike, ìpolówó, àti ìbéèrè pé ta lèèyàn jẹ́ gan-an lẹ́yìn gbogbo ohun tó rà sára, ohun tó ń kọ lórin nìyẹn. Ẹgbẹ́ náà ṣe àwo orin Germfree Adolescents ní 1978, wọ́n tú ká ní 1979. Ara rẹ̀ kò yá lásìkò náà. Àwọn dókítà ní schizophrenia ni, àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kéèyàn rí tàbí gbọ́ ohun tí kò sí. Ó di 1991 kí wọ́n tó wá sọ pé bipolar ni, ìyẹn àìsàn tó máa ń gbé ọkàn ẹni fò sókè tí yóò tún gbé e jù sísàlẹ̀ kòtò. Láàárín méjèèjì ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Hare Krishna, ó ti bí ọmọbìnrin kan, Celeste Bell, ọmọ náà sì ti lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀. Ní 2008 X-Ray Spex padà wá ṣeré ní gbọ̀ngàn Roundhouse ní London. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 2011 ni jẹjẹrẹ ọmú pa á, lẹ́ni ọdún 53. Oṣù kan kò tíì pé tí àwo orin rẹ̀, Generation Indigo, jáde.

Nínú àwa mẹ́rìnlá, mẹ́ta lẹ nílò láti mọ̀. Bàbá Báàjì ni mo máa pe àkọ́kọ́, òyìnbó tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Báàjì X-Ray Spex kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó máa ń wà láyà kóòtù rẹ̀ lójò lẹ́ẹ̀rùn. Ó wà ní Victoria Park lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1978, nígbà tí ẹgbàágbèje èèyàn fẹsẹ̀ rìn láti Trafalgar Square lọ síbi eré Rock Against Racism, eré orin tí wọ́n fi tako ìkórìíra ẹ̀yà, tí X-Ray Spex, The Clash àti Steel Pulse sì wà lára àwọn tó ṣeré. Ìpàdé kan kì í lọ kó má mẹ́nu bà á. Ìkejì ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìbàdàn, tó máa ń tibi iṣẹ́ òru bọ̀ tàbí kó máa lọ síbẹ̀. Ìkẹta ni ọmọbìnrin kan tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sòmálíà, ọmọ yunifásítì ni nígbà náà. Ó rí àwòrán Poly lórí fóònù lọ́jọ́ kan, ó sì pariwo nínú bọ́ọ̀sì pé, "Ta nìyí tó jọ àbúrò màmá mi?"

Ní 2017, Bàbá Báàjì mú ìròyìn wá: Celeste Bell fẹ́ ṣe fíìmù nípa ìyá rẹ̀, òun àti Paul Sng, wọ́n sì ń bẹ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n dáwó. Inú gbọ̀ngàn gbóná lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe àkọ́kọ́, lójú mi nígbà náà ọgbọ́n ni. Mo ní kí oníkálukú má lọ sanwó lọ́tọ̀. Kí wọ́n kó o fún mi, kí n fi í ránṣẹ́ lórúkọ ẹgbẹ́. Pọ́n-ùn mẹ́wàá mẹ́wàá. Mo fa ìlà sínú ìwé, mo kọ orúkọ, mo fàmì sí i bẹ́nì kọ̀ọ̀kan ṣe ń san. Ìyá mi dá àjọ fún ogún ọdún ní ọjà Dùgbẹ̀, kò sí bí mo ṣe lè gbowó lọ́wọ́ èèyàn tí mi ò ní fàmì sí ìwé.

Ẹ̀yin náà rí i ná. Àjọ ní ọjọ́ ìkówó. Ẹni tó bá dá àjọ mọ ọjọ́ tó kàn án, bí ọjọ́ náà bá sì pé tí alájọ ń sọ ìtàn, olè ni. Mo ti gbé ìwà àjọ wọ ohun tí kì í ṣe àjọ. Ẹni tó dáwó sí fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ta owó náà lọ́rẹ fún ìrìn àjò tí kò lọ́jọ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn mi kò fún Celeste Bell lówó o, èmi ni wọ́n fún. Nígbà tó pẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá béèrè fíìmù.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á ní, "Alága, fíìmù yẹn dà?" Ẹlòmíràn á fi ẹ̀rín sí i. Lójú mi, ẹni tó wà nípò yẹn gbọ́dọ̀ ní èsì lẹ́nu, ni mo bá dáhùn pé 2018 ni, ó pẹ́ tán ìparí 2018. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo kàn ro ó pé ọdún kan tó èèyàn láti ṣe fíìmù ni. 2018 wá, ó lọ. Méjì nínú wa dẹ́kun wíwá. Ọ̀kan tilẹ̀ ní kí n dá pọ́n-ùn mẹ́wàá òun padà. Mo dá a padà láti àpò ara mi, mo sì fàmì sí ìwé.

Ẹnì kan tó ń gé fíìmù fún oúnjẹ òòjọ́ ló là mí lóye. Mo rò pé yíyà ni wàhálà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú fíìmù nípa olórin tó ti kú, ohun tí wọ́n ń yà kéré. Ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti yà sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ni iṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lo fíìmù tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ yóò sanwó gẹ́gẹ́ bí iye ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú-àáyá. Orin kọ̀ọ̀kan sì ní olówó méjì: ẹni tó ni orin tí wọ́n kọ, àti ẹni tó ni téèpù tí wọ́n gbà á sí. Èèyàn lè gba àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀kan kí èkejì ní rárá. Ó tún ní kí n fi kún un pé ọmọ olóògbé ló ń ṣe èyí, pé àpótí ìwé ìyá rẹ̀ ló fẹ́ ṣí. "O ò mọ iye oṣù téèyàn fi ń wo ìdérí àpótí bẹ́ẹ̀ kó tó ṣí i."

Mo padà sí ẹgbẹ́, mo sì sọ fún wọn pé mi ò mọ ọjọ́, pé irọ́ ni mo pa nípa 2018, pé ohun tí mo mọ̀ rèé nípa bí fíìmù ṣe ń pẹ́. Ìyẹn ṣe dáadáa ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tí mo dá owó rẹ̀ padà tún yọjú.

Ní 2019, ìwé kan jáde kí fíìmù tó jáde: Day Glo, èyí tí Celeste Bell àti Zoë Howe ṣe, tó kó ọ̀rọ̀ àwọn tó mọ Poly jọ pẹ̀lú àwòrán àti ìwé tó fi sílẹ̀. A ra ẹ̀dà mẹ́ta, a ń gbà á lọ́wọ́ ara wa. Mo rò pé oúnjẹ ti dé, ebi á rọlẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ìgbà yẹn ni ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn sí mi.

A ti ń wá nǹkan tí a ó wò ní Ọjọ́bọ̀ kan. Ètò kan wà tí BBC ṣe nípa rẹ̀ ní 1979, a sì rí ọ̀nà wò ó. Ó dé ibì kan tí orin dákẹ́, tí Poly jókòó tó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, ohùn tí kò jọ ti orí pèpéle rárá. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ Bàbá Báàjì. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sáré kọjá èyí, ká lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣeré."

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ní, "Má fọwọ́ kàn án."

Kò pariwo. Mi ò rò pé ó tíì bá Bàbá sọ̀rọ̀ báyìí rí láti ọdún tí wọ́n ti mọra. Bàbá wò ó, ó fi rìmóòtù lé orí tábìlì, ojú rẹ̀ pọ́n. Ọmọbìnrin Sòmálíà náà bá gbà á lẹ́nu wọn, ó ní ohun tó ya òun lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè nípa bàbá rẹ̀. Ẹlòmíràn ní ṣé ọ̀rọ̀ àwọ̀ la wá sọ ni tàbí ọ̀rọ̀ orin. Ó di gbọ́nmi-si-omi-ò-to. A ò wo ètò náà parí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo ń to àga ni òye yé mi. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń pa àwọn èèyàn wọ̀nyí pọ̀ pé fíìmù kan là ń retí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Olúkúlùkù ń retí òkú tirẹ̀, Poly kàn ni ilẹ̀kùn tí wọ́n rò pé yóò gbà wọlé. Ọjọ́ ni mo sì ń pín fún wọn látìgbà yẹn, bí ẹni pé ọjọ́ ni wọ́n ń béèrè.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ní 2017. Mo pe wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan: "Tí fíìmù bá bẹ̀rẹ̀, kí lo fẹ́ rí tó jẹ́ pé tí kò bá sí níbẹ̀ á dùn ẹ́?"

Àǹtí Nọ́ọ̀sì pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé màmá mi ṣàìsàn." Mo ní mi ò mọ̀, mà. Ó wá sọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Màmá rẹ̀ á wà lókè fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní sùn, á máa ra ìgò, á máa ra aṣọ, á máa kọrin láàárín òru. Tó bá tún yá, kò ní dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ará ilé ní ayé ni. Wọ́n gbé e lọ sórí òkè, wọ́n gbé e lọ sílé aláṣọ funfun, ó tó ọdún mẹ́fà kí ẹnì kan tó gbé e dé Arò ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn náà fún un. "Orúkọ tó pẹ́ kó tó dé yẹn ni mò ń wá. Èyí tí wọ́n fún Poly náà pẹ́. Mo fẹ́ mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe gbé láàárín ìgbà yẹn. Orin? Mo ti gbọ́ gbogbo orin náà."

Ọmọbìnrin Sòmálíà ní òun fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ̀rọ̀ irun àti àwọ̀ láìjẹ́ pé ó ń tọrọ àforíjì. Ẹnì kan ní òun fẹ́ rí aṣọ nìkan, torí òun ń rán aṣọ, òun sì mọ̀ pé Poly ta aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ ike ní Beaufort Market ní King's Road kí ó tó lókìkí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan náà tí mo ti fàmì owó sí.

Bàbá Báàjì ní, "Orin. Kí ni mo tún fẹ́?" Mo kọ "orin" síwájú orúkọ rẹ̀, mo sì kọjá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e kò le. Dípò kí a máa jókòó retí, mo ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan darí ìpàdé kan lórí ohun tó sọ. Aránṣọ kó ọ̀rá àti ike wá, ó fi wọ́n ṣe aṣọ lójú wa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì mú ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ wá, kò sì dárúkọ màmá rẹ̀. Bàbá Báàjì gbé rẹ́kọ́ọ̀dù oníke kékeré rẹ̀ wá, ó mú un jáde nínú àpò bí ẹni tó ń tú ọmọ tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn ìyá, ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gbá eruku tí kò sí lára rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojú rẹ̀, etí nìkan ni kí a gbá mú. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹnikẹ́ni kò bi mí pé fíìmù dà.

Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé. Gbọ̀ngàn tì. Nígbà tí fíìmù náà wá jáde nígbẹ̀yìngbẹ́yín, pẹ̀lú orúkọ Poly Styrene: I Am a Cliché, kónílé-ó-gbélé la wà. Àjọ̀dún fíìmù Glasgow ọdún 2021, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣe é, ibẹ̀ ni fíìmù náà ti kọ́kọ́ yọjú ní ìparí oṣù Kejì; nígbà tó di oṣù Kẹta, èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì kó wò ó nílé. Gbogbo ilé sinimá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà ní títì, ó di ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún kí wọ́n tó ṣí. Ọdún mẹ́rin la fi retí pé a ó jọ jókòó wò ó, ó wá bá wa lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn kan ní ká dúró. Àwọn kan ní àwọn ò lè dúró mọ́. Èmi wá gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀: n ó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan, n ó sì fi hàn gbogbo wa lórí Zoom. Mo ti kọ ọ́ sórí WhatsApp kí n tó ronú. Ọmọbìnrin Sòmálíà ló dá mi lóhùn níwájú gbogbo èèyàn: "Ẹ gbowó lọ́wọ́ wa kí ọmọ yìí lè ṣe fíìmù. Ó ti ṣe é. Ẹ tún fẹ́ jí i wò?" Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ojú tì mí, bẹ́ẹ̀ mo fi ọdún mẹ́tàlélógún jù ú lọ. Èyí tí a fi ṣe é ni pé kí oníkálukú ra tirẹ̀, kí gbogbo wa tẹ bọ́tìnnì ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kan náà, kí a pe ara wa lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí kò rówó, ẹgbẹ́ san án fún wọn.

Bàbá Báàjì kò ní ju kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ọmọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Agogo méje ààbọ̀ ni mo ti wà lórí fóònù pẹ̀lú rẹ̀. Ó tẹ orúkọ rẹ̀, ó gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Lẹ́tà ìmúdájú wọ inú ìmeèlì tí kò rántí pé òun ní. A rí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà dúdú. Mo ní kó pa á kó tún tàn án. Ìgbà tó ń tàn, a ń gbọ́ mímí ara wa. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn mẹ́jọ kí àwòrán tó jáde. Nítorí pé gbogbo wa fẹ́ parí pọ̀, mo ní kó fò bọ́ síbi tí àwọn yòókù dé. Ó fò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó jọ ohun kékeré lójú mi.

Nígbà tó yá, a pe ara wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti wò ó mọ̀ pé fíìmù ọmọ ni. Celeste ló ń gba inú rẹ̀ rìn, tó ń tú ohun tí ìyá fi sílẹ̀ wò, tó sì ń sọ bó ṣe rí láti jẹ́ ọmọ obìnrin náà. Ohùn òṣèrébìnrin Ruth Negga ló ka àwọn ìwé Poly. Àwọn tó mọ Poly àtàwọn tó tẹ̀ lé ipa rẹ̀, Neneh Cherry, Kathleen Hanna, Don Letts, ohùn wọn lèèyàn ń gbọ́. Wọn kì í jókòó sórí àga kí wọ́n máa wo kámẹ́rà. Lójú tèmi, ìpinnu tó dára jù nínú fíìmù náà nìyẹn, torí kò jẹ́ kí àwọn arúgbó punk gba ìtàn mọ́ olóògbé lọ́wọ́.

Bàbá kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n tan òun. Ó ní orin ni òun sanwó fún, ọmọ òkú ni wọ́n fi han òun. Àǹtí Nọ́ọ̀sì jáde kúrò nínú ìpè náà láìsọ ohunkóhun. Mo rò pé Bàbá ló bí i nínú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mò ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní òun ti pe màmá òun ní Ìbàdàn. Ó ní òun bi wọ́n léèrè ìgbà yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì dá òun lóhùn. Kò sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi. Kò kàn mí.

Bàbá ni kò wá mọ́. Kò dáhùn WhatsApp, kò gbé fóònù. Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣí, àga rẹ̀ ṣófo ní oṣù kan, ó ṣófo ní èkejì. Mo ti ní kí n gbà pé a ti pàdánù rẹ̀, pé olólùfẹ́ tí fíìmù já kulẹ̀ ni, irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ìwé yẹn ni mo ṣí lọ́jọ́ kan tí mo rí "orin" tí mo kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ó kúrú ju ti gbogbo èèyàn lọ. Àwọn yòókù, ìlà mẹ́rin, márùn-ún. Tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan.

Mo lọ sílé rẹ̀. Ó po tíì, ó gbé bisikí jáde, ó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí lẹ ń wá nínú fíìmù yẹn?" Ó ní òun ti sọ. Mo dákẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, ó tọ́ka sí báàjì láyà kóòtù tó so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun ni. Àwọn méjèèjì ló lọ sí Victoria Park lọ́jọ́ yẹn ní 1978. Ejìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gùn kó lè rí pèpéle. Ẹ̀gbọ́n náà kú kò pẹ́ sígbà yẹn. Kò sí fọ́tò rẹ̀ tó mọ́lẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n kámẹ́rà pọ̀ lọ́jọ́ náà. Gbogbo ètò tí Bàbá ti ń wò láti ogójì ọdún, àárín èrò ló ń wò.

"Mo sì fo ìṣẹ́jú mẹ́wàá," ló wí. "Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ló wà."

Mi ò ní gbàgbé bó ṣe sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó fò.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀tọ́ pínpín fíìmù náà, mo sọ iye èèyàn tí gbọ̀ngàn gbà, wọ́n sọ iye tí àṣẹ yóò jẹ́, a san án. Ẹ jọ̀ọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fíìmù han èèyàn ní gbọ̀ngàn: bí ẹ kò tilẹ̀ gbowó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbàṣẹ. Oṣù Kẹwàá ọdún 2021 la wò ó pọ̀. Mẹ́tàlá wá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì jókòó ti Bàbá ní ìlà iwájú. Èmi ti sọ fún un, Bàbá ní kí n sọ. Rìmóòtù wà lọ́wọ́ Àǹtí lọ́tẹ̀ yìí. Ibi gbogbo tí èrò bá ti hàn, á wo ojú Bàbá. Tí Bàbá bá ṣẹ́wọ́, á dá a dúró. Tó bá mi orí, á jẹ́ kó máa lọ. Bí a ṣe wo fíìmù náà nìyẹn, ó gbà wá ní wákàtí méjì àtààbọ̀, ẹnì kankan kò sì kùn. Ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ gan-an jókòó.

Kò rí i. Ẹ̀ẹ̀kan ló fara sún mọ́ ojú aṣọ funfun náà tó fi ojú sí i tí ó pẹ́, ó wá ní, "Rárá, ẹ̀gbọ́n mi ga ju ìyẹn lọ."

Fíìmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ dọkumẹ́ńtárì tó dára jù ní British Independent Film Awards lọ́dún kan náà. A fi ìròyìn náà sórí WhatsApp, gbogbo wa yọ̀, Bàbá náà fi àtàǹpàkò ránṣẹ́.

Ní báyìí, bí wọ́n bá kéde pé wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù nípa olórin tó ti lọ, mi ò gbowó ẹnikẹ́ni mọ́. Mo máa ń fi ojú ibi tí wọ́n ti ń dáwó hàn wọ́n, kí olúkúlùkù lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ san án. Mi ò dá ọjọ́. Ìbéèrè tí mo bi wọ́n ní 2019 ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tí èsì rẹ̀ bá kúrú jù ni mo sì máa ń kọ́kọ́ padà lọ bá nílé. Lóṣù tó kọjá Bàbá Báàjì mú ìròyìn mìíràn wá, ẹgbẹ́ kan tí òun náà wò ní 1978, wọ́n ní fíìmù ń bọ̀. Mo ṣí ìwé. Kí n tó bi í, ó ní, "Èrò. Kọ ọ́ sílẹ̀: èrò, ẹ̀gbẹ́ òsì pèpéle, ọkùnrin gíga tó gbé ọ̀dọ́kùnrin kan kọ́ ejìká."